Fífò àti Sísá: Ẹ̀kọ́ lórí Ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì Kan

Nínú àwọn ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí ó máa ń tan akẹ́kọ̀ọ́ jẹ nígbà tí ó bá ń túmọ̀ àyọkà sí èdè Yorùbá, ọ̀kan ni 'flight'. Ọ̀rọ̀ náà kò gùn, kò sì ṣòro í pè. Ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ pàápàá yóò dáhùn kíá pé fífò ni ìtumọ̀ rẹ̀. Níbi tí ó ti rọrùn yìí gan-an ni ewu rẹ̀ wà, nítorí ọ̀rọ̀ tí ó le a máa mú ni wo ìwé atúmọ̀-èdè, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ tí a rò pé a mọ̀ kì í jẹ́ kí a bèèrè.

Ẹ jẹ́ kí a yẹ àpólà ọ̀rọ̀ mẹ́ta wò: 'the flight of the hawk', 'the flight of the Egba', àti 'a flight of stairs'. Bí a bá fi fífò túmọ̀ gbogbo wọn, a ó ní fífò àwòdì, fífò àwọn Ẹ̀gbá, àti fífò àtẹ̀gùn. Èkíní dára, ta ni kò tíì rí àwòdì kí ó máa rà bàbà lókè àgbàlá, tí àgbébọ̀ adìẹ sì ń pe àwọn ọmọ rẹ̀ sábẹ́ apá? Ẹ̀kẹta a pa ni lẹ́rìn-ín, nítorí a kò tíì rí àtẹ̀gùn tí ó hu ìyẹ́. Ṣùgbọ́n èkejì kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹ̀rín rárá. Àwọn ènìyàn tí ogun lé kúrò ní ilé baba wọn, tí wọ́n fi ẹsẹ̀ la igbó kọjá pẹ̀lú ọmọ lẹ́yìn àti ẹrù lórí, ni a sọ di ẹyẹ nínú ìwé wa. Irú ìtumọ̀ bẹ́ẹ̀ ju àṣìṣe gírámà lásán lọ. Irọ́ ni a pa mọ́ àwọn baba ńlá wa. Nítorí náà, ó yẹ kí a fara balẹ̀ tú ọ̀rọ̀ yìí wò láti ìdí rẹ̀.

Ìpìlẹ̀ ọ̀rọ̀ náà

Ọ̀rọ̀ méjì ni 'flight' jẹ́ ní tòótọ́. Wọ́n jọ ara wọn bí ìbejì, ṣùgbọ́n ìyá ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni ó bí wọn. Nínú Gẹ̀ẹ́sì àtijọ́, èyí tí wọ́n ń sọ ní ohun tí ó lé ní ẹgbẹ̀rún ọdún sẹ́yìn, 'fleogan' ni kí a fi ìyẹ́ fò, 'fleon' sì ni kí a sá. Láti ara ti ìṣáájú ni 'fly' ti wá, láti ara èkejì ni 'flee' ti wá. Ìró wọn sún mọ́ ara wọn tó bẹ́ẹ̀ tí àwọn tí ń sọ èdè náà nígbà láéláé pàápàá fi ń fi ọ̀kan rọ́pò èkejì. Títí di òní, bí a bá lò wọ́n ní ọ̀rọ̀-ìṣe, ìyàtọ̀ wọn a máa hàn: ti ẹyẹ ni 'flew', ti olè ni 'fled'. Ṣùgbọ́n nígbà tí a bá sọ wọ́n di ọ̀rọ̀-orúkọ, àwọn méjèèjì a pàdé ní ẹnu ọ̀nà kan náà, wọn a sì máa jẹ́ orúkọ kan, èyíinì ni 'flight'. Ìwé atúmọ̀-èdè tí ó péye a máa to ìtumọ̀ wọn lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, kí òǹkàwé má baà ṣi ọ̀kan mú fún èkejì.

Àwọn ará Jámánì, tí èdè wọn bá Gẹ̀ẹ́sì tan, kò ní irú wàhálà yìí, nítorí 'Flug' ni wọ́n ń pe fífò, 'Flucht' sì ni wọ́n ń pe sísá. Ti Faransé tún yàtọ̀. Àwọn ọmọ Yorùbá tí ó wà ní Kétu àti Àjàṣẹ́ ní ilẹ̀ Benin, tí wọ́n ń fi èdè Faransé kàwé ní ilé-ẹ̀kọ́, ń bá ọ̀rọ̀ náà 'vol' pàdé. Ọ̀rọ̀ yìí túmọ̀ sí fífò, ó sì tún túmọ̀ sí olè jíjà. Ẹni tí kò mọ ìdí rẹ̀ yóò rò pé àwọn Faransé kò ní làákàyè, ṣùgbọ́n ó ní ìtàn. Ní ayé àtijọ́, àwọn ọlọ́dẹ ilẹ̀ wọn a máa fi àṣá tí wọ́n ti kọ́ dọdẹ. Bí àṣá bá fò lé ẹyẹ mìíràn tí ó sì gbé e, ọ̀rọ̀-ìṣe kan náà tí ó jẹ́ ti fífò ni wọ́n ń lò fún un. Díẹ̀díẹ̀ ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í lò ó fún ènìyàn tí ó gbé ohun olóhun.

Ohun tí èyí kọ́ wa ni pé kò sí èdè méjì tí ó pín ayé sí ọ̀nà kan náà. Ibi tí èdè kan la ààlà sí, èdè mìíràn lè má rí ààlà níbẹ̀ rárá. Ẹ jẹ́ kí a wá wo ibi tí Yorùbá la tirẹ̀ sí.

Iṣẹ́ tí 'fò' ń ṣe ní èdè Yorùbá

Ẹyẹ ń fò. Ọ̀pọ̀lọ́ náà ń fò. Gẹ̀ẹ́sì yóò lo 'fly' fún ti ẹyẹ, yóò sì lo 'jump' fún ti ọ̀pọ̀lọ́, ṣùgbọ́n àwa kò yà wọ́n. Ohun tí Yorùbá ń wò ni pé nǹkan gbéra kúrò nílẹ̀, ìbáà ṣe ìyẹ́ ni ó gbé e, ìbáà ṣe ẹsẹ̀. Bí a bá fẹ́ fi ìyàtọ̀ hàn, a ó wá ọ̀rọ̀ mìíràn tì í lẹ́yìn: ẹyẹ fò lọ sí ojú ọ̀run, ọmọ náà fò sókè, ewúrẹ́ fo ọgbà.

Ní ọjọ́ 17 oṣù kejìlá, ọdún 1903, Orville Wright gbé ọkọ̀ òfuurufú tí òun àti ẹ̀gbọ́n rẹ̀ Wilbur ṣe kúrò nílẹ̀ fún ìgbà àkọ́kọ́, ní ìpínlẹ̀ North Carolina ní Amẹ́ríkà. Ìṣẹ́jú-àáyá 12 péré ni ó lò lókè, ẹsẹ̀ bàtà 120 sì ni ó lọ. Ẹni tí ń fi Gẹ̀ẹ́sì ròyìn irú ìrìn bẹ́ẹ̀ níláti pinnu bóyá 'fly' ni òun yóò pè é tàbí 'jump'. Ọmọ Yorùbá kò ní ohun tí yóò pinnu. Yóò ní, "Ó fò," òtítọ́ ni yóò sì sọ.

'Fò' tún ní àwọn ìlò mìíràn tí ó yẹ kí akẹ́kọ̀ọ́ mọ̀:

(a) Kí a ré nǹkan kọjá láì kàn án. Bí a bá ń pín ẹran tí a kò sì fún ẹnì kan, onítọ̀hún yóò ní, "Ẹ fò mí." Ẹni tí ó ń kàwé sókè tí ó sì fi ìlà kan sílẹ̀, ó fo ìlà náà.

(b) Kí ẹ̀rù ba ni lójijì. A ní, "Àyà mi fò." Láti inú 'fò' àti 'àyà' ni a ti rí 'fòyà' àti 'ìfòyà'. Ẹni tí ó ń fòyà lè jókòó sójú kan láì mi ìka. Àyà rẹ̀ nìkan ni ó ti gbéra.

Ẹ ṣàkíyèsí ohùn ọ̀rọ̀ náà pẹ̀lú. Bí ó bá dá dúró, tàbí tí ọ̀rọ̀ arọ́pò-orúkọ bá tẹ̀lé e, ohùn ìsàlẹ̀ ni: ó fò, ẹ fò mí. Ṣùgbọ́n bí ọ̀rọ̀-orúkọ bá tẹ̀lé e gẹ́gẹ́ bí àbọ̀, ohùn náà a gòkè sí àárín: ó fo ọgbà, ó fo ìlà. Bẹ́ẹ̀ náà ni 'gbà' ṣe ń di 'gba owó', tí 'rà' sì ń di 'ra iṣu'.

Àwa tí a wà ní ilẹ̀ Ìkálẹ̀ ní ìdí mìíràn tí ó fi yẹ kí a ṣọ́ra. Nínú ẹ̀ka-èdè wa, 'fọ̀' ni kí ènìyàn sọ̀rọ̀, gẹ́gẹ́ bí a ti ń gbọ́ ọ nínú 'fọhùn'. Àmì kékeré tí ó wà lábẹ́ lẹ́tà ni ó ya ẹyẹ sọ́tọ̀ kúrò lára ẹni tí ń sọ̀rọ̀. Bí ọmọ Igbótako bá ń kọ̀wé bí ó ti ń sọ ọ́ nílé, tí kò sì náání àmì, yóò kọ ọ́ pé bàbá òun dìde, ó sì fò níwájú ọba. Ẹni tí ó dìde tí ó sọ̀rọ̀ níwájú ọba, àgbà ni. Ẹni tí ó dìde tí ó fò níwájú ọba, àfi kí a tètè pe àwọn ẹbí rẹ̀.

Sísá, àti ohun tí ń lé ni

Bí 'fò' ti gbòòrò tó yìí, kò gba ti sísá mọ́ra. Ibí ni Yorùbá ti la ààlà tí ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì náà kò là. Nínú 'fò', nǹkan kan ṣoṣo ni ó wà níwájú wa, ohun tí ó gbéra. Ṣùgbọ́n nínú 'sá', nǹkan méjì ni: ẹni tí ń sá àti ohun tí ó ń sá fún. Ohun náà lè jẹ́ iná, ó lè jẹ́ ejò, ó sì lè jẹ́ ogun. Nítorí náà ni a ṣe ń sọ pé ènìyàn sá lọ, ó sá pamọ́, ó sá àsálà fún ẹ̀mí rẹ̀, tàbí ó sá di ẹlòmíràn. Ibi tí a sá sí fún ààbò ni ibi ìsádi. Ẹni tí ó ń sá káàkiri ni ìsáǹsá.

Síbẹ̀, 'sá' pàápàá ń fẹ́ ìṣọ́ra, nítorí ó lè ní àbùkù nínú. Ọ̀lẹ a máa sá fún iṣẹ́, onígbèsè a máa sá fún olówó. Bí a bá kàn sọ pé àwọn ará ìlú kan sá, ẹni tí ó gbọ́ lè rò pé ojo ni wọ́n. Èyí ni àwọn baba wa rò tí wọ́n fi ní àwọn gbólóhùn mìíràn fún ìlú tí ogun bá dé bá. Wọn a ní ìlú náà tú; wọn a ní ogun lé wọn; wọn a ní wọ́n ṣí lọ, wọ́n sì tẹ̀dó síbòmíràn. Ẹni tí irú rẹ̀ bá sì dé àárín àjèjì, ogunléndé ni à ń pè é. Ẹ tú ọ̀rọ̀ náà palẹ̀, ẹ ó rí i pé ogun ni ó lé e dé ibi tí ó wà. Orí ogun ni ẹ̀bi wà nínú ọ̀rọ̀ yìí, kò sí lórí ẹni tí a lé. Gẹ̀ẹ́sì ń lo 'flight' láì sọ ẹni tí ó jẹ̀bi. Yorùbá kò gbà kí a dákẹ́ bẹ́ẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí a padà sí ọ̀rọ̀ àwọn Ẹ̀gbá. Ogun tú àwọn ìlú tí wọ́n ní nínú igbó Ẹ̀gbá ká, wọ́n sì dé abẹ́ àpáta Olúmọ ní ọdún 1830, Ṣódẹkẹ́ sì ni aṣáájú wọn. Ibẹ̀ ni wọ́n tẹ̀dó sí, tí ó di Abẹ́òkúta. Báwo ni a ó ṣe túmọ̀ 'the flight of the Egba'? Bí àyọkà náà bá ń sọ nípa ọjọ́ tí ogun wọlé, 'sísá' lè tọ̀nà. Bí ó bá ń sọ nípa gbogbo ìrìn náà títí wọ́n fi dé Olúmọ, 'bí ogun ṣe lé àwọn Ẹ̀gbá kúrò nílé' dára jù ú lọ. 'Fífò àwọn Ẹ̀gbá' kò lè tọ̀nà láéláé.

Ẹnì kan wà tí ó mọ ìwúwo ọ̀rọ̀ yìí ju gbogbo wa lọ, òun sì ni Sámúẹ́lì Àjàyí Crowther. Ní ọdún 1821 ni àwọn ọmọ ogun dó ti ìlú rẹ̀, Òṣogùn, tí wọ́n sì kó òun àti àwọn ẹbí rẹ̀ lẹ́rú. Nínú lẹ́tà tí ó kọ ní ọdún 1837, ó ròyìn bí àwọn obìnrin ṣe ń gbìyànjú láti sá gba inú igbó ẹlẹ́gùn-ún, tí àwọn ọmọ rọ̀ mọ́ wọn lára, tí ẹrù orí wọn ń há sínú igbó, títí ọwọ́ ọ̀tá fi tẹ̀ wọ́n. Ní ọdún 1822 ni àwọn ọmọ ogun ojú omi Gẹ̀ẹ́sì gbà á sílẹ̀ lórí òkun, tí wọ́n sì gbé e lọ sí Sierra Leone. Ọkùnrin yìí kan náà ni ó tẹ ìwé atúmọ̀ ọ̀rọ̀ Yorùbá jáde ní ọdún 1843, òun sì ni ó ṣe aṣáájú iṣẹ́ títúmọ̀ Bíbélì, tí odindi rẹ̀ jáde ní ọdún 1884. Bí a bá ṣí ìwé Mátíù orí kejì, níbi tí Jósẹ́fù ti gbé ọmọ náà àti ìyá rẹ̀ lọ sí Íjíbítì nítorí Hẹ́rọ́dù, 'sá' ni a ó bá níbẹ̀, a kò ní bá 'fò'. Ẹni tí ó ti fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ mọ ohun tí sísá jẹ́ kò lè ṣe àṣìmú ẹsẹ̀ fún ìyẹ́.

Ọkọ̀ òfuurufú àti àwọn ìtumọ̀ yòókù

'Flight' tún ní ìtumọ̀ kan tí ayé òde òní mú wá, èyíinì ni ìrìnàjò ọkọ̀ òfuurufú. Ní ọdún 1925 ni àwọn ọkọ̀ òfuurufú ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì fò láti Kairo ní ilẹ̀ Íjíbítì, tí wọ́n sì balẹ̀ sí Kano. Kò pẹ́ púpọ̀ tí ohun àjèjì yìí fi ní orúkọ ní ẹnu wa. A kò sọ ọ́ ní ẹyẹ onírin; ọkọ̀ ni a pè é. Ẹ̀yin tí ẹ ti dé etí odò Olúwà, tàbí tí ẹ ní ìbátan lọ́dọ̀ àwọn ará Ìlàjẹ, ẹ mọ ohun tí ọkọ̀ jẹ́ kí mọ́tò tó dé: igi tí a gbẹ́, tí ó ń gbé ènìyàn àti ẹrù lórí omi. Nígbà tí irú ohun bẹ́ẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í rìn lórí irin, a ní ọkọ̀ ojú irin. Nígbà tí ó bẹ̀rẹ̀ sí í rìn nínú afẹ́fẹ́, a ní ọkọ̀ òfuurufú. Pápá tí ó ń balẹ̀ sí di pápákọ̀ òfuurufú, ẹni tí ń wà á sì di awakọ̀ òfuurufú. Àwọn mìíràn ń pè é ní bàálù. Ẹni tí ó bá tẹ́tí sí ọ̀rọ̀ yìí yóò gbọ́ pé ìró rẹ̀ sún mọ́ 'balloon', ohun tí a fi afẹ́fẹ́ gbígbóná kún, tí ó kọ́kọ́ gbé ènìyàn lọ sókè ní ìlú Paris ní ọdún 1783.

Nítorí náà, bí a bá rí 'My flight leaves at six', kò yẹ kí a kọ 'Fífò mi ń lọ ní agogo mẹ́fà.' Kí a kọ pé, 'Agogo mẹ́fà ni ọkọ̀ òfuurufú tí n ó wọ̀ yóò gbéra.' Bẹ́ẹ̀ náà ni 'a flight of birds' jẹ́ ọ̀wọ́ ẹyẹ. 'A flight of stairs' sì jẹ́ àtẹ̀gùn láti ilẹ̀ dé òkè kìíní, tàbí láti òkè kan dé èkejì. Ní ti ọfà, Yorùbá kì í sábà sọ pé ó fò, ó ta. Bí Gẹ̀ẹ́sì bá sì sọ pé àkókò ń fò, kí a má ṣe tẹ̀lé e, nítorí ní ọ̀dọ̀ tiwa ọjọ́ kò ní ìyẹ́: ọjọ́ ń gorí ọjọ́, oṣù ń gorí oṣù.

Ìkádìí

Nígbàkígbà tí 'flight' bá yọjú nínú àyọkà, kí akẹ́kọ̀ọ́ bi ara rẹ̀ ní ìbéèrè mẹ́ta kí ó tó fi kálàmù kan ìwé. Èkíní: kí ni ó gbéra, ṣé ìyẹ́ ni, ṣé ẹsẹ̀ ni, tàbí ọkọ̀? Èkejì: ǹjẹ́ ohun kan wà tí ń lé e lẹ́yìn, ta ni ó sì jẹ̀bi? Ẹ̀kẹta: bí ìyá àgbà tí kò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì bá gbọ́ gbólóhùn mi, ṣé ohun tí ó ṣẹlẹ̀ gan-an ni yóò rí lọ́kàn? Bí ìdáhùn ìbéèrè kẹta bá jẹ́ bẹ́ẹ̀ kọ́, kí ó nu ohun tí ó kọ, kí ó sì tún un kọ.

Ẹni tí ń túmọ̀ ọ̀rọ̀ dàbí ẹni tí a pè wá jẹ́rìí. Kò sí níbẹ̀ nígbà tí ọ̀rọ̀ ṣẹlẹ̀, ṣùgbọ́n ẹnu rẹ̀ ni àwọn tí ń bọ̀ lẹ́yìn yóò ti gbọ́ ọ. Bí ó bá sọ pé ẹni tí a lé fò, tàbí pé ẹni tí ó ṣí lọ sá bí ojo, ẹ̀rí èké ni. Àwọn àgbà ní, bí ẹyẹ bá ti fò ni a ti ń sọ òkò rẹ̀. Bí ọ̀rọ̀ bá ti rìn nínú gbólóhùn ni kí a ti máa túmọ̀ rẹ̀.

Ìbéèrè

1. Kí ni ìyàtọ̀ tí ó wà láàárín 'fleogan' àti 'fleon' nínú Gẹ̀ẹ́sì àtijọ́?
2. Kí ni ó fà á tí ọ̀rọ̀ Faransé kan fi túmọ̀ sí fífò àti olè jíjà?
3. Ṣe àlàyé ohùn tí ó wà lórí ọ̀rọ̀-ìṣe nínú 'ẹyẹ fò' àti 'ewúrẹ́ fo ọgbà'. Fi ọ̀rọ̀-ìṣe méjì mìíràn ṣe àpẹẹrẹ.
4. Tú ọ̀rọ̀ náà 'ogunléndé' palẹ̀, kí o sì sọ ìdí tí kò fi ní àbùkù fún ẹni tí à ń pè bẹ́ẹ̀.
5. Fi àwọn ọ̀rọ̀ wọ̀nyí ṣe gbólóhùn tí ó nítumọ̀: fòyà, sá di, ràbàbà, gbéra, ìsáǹsá.
6. Bèèrè lọ́wọ́ àgbàlagbà kan ní àdúgbò rẹ bí àwọn baba ńlá rẹ̀ ṣe dé ibi tí wọ́n ń gbé nísinsìnyí. Kọ àròkọ ojú ewé méjì lórí rẹ̀, kí o sì ṣàkíyèsí bóyá 'sá' ni ó lò, tàbí 'ṣí', tàbí ọ̀rọ̀ mìíràn.